Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Bí mo bá sanwó kí wọ́n túmọ̀ ìwé Gẹ̀ẹ́sì mi, ṣé ó lè gba ẹ̀bùn ìwé èdè Dutch?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ìlú Rotterdam ni mo ń gbé láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Mo kọ ìtàn àròsọ kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, mo tẹ̀ ẹ́ jáde fúnra mi. Ọkùnrin kan kàn sí mi lórí WhatsApp pé òun yóò túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Dutch láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, òun yóò sì fi orúkọ mi sílẹ̀ fún ẹ̀bùn Libris, ẹ̀bùn AKO àti ẹ̀bùn P.C. Hooft. 1,800 yúrò ni ó ń béèrè. Ó ní nítorí pé ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni mo ní, àfi kí ọmọ onílẹ̀ bá mi ṣe é. Ṣé owó yẹn kò ti pọ̀ jù?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe san kọ́bọ̀ nínú owó náà. Bí ẹ bá sì ti san apá kan, ẹ má ṣe fi nǹkan kan lé e mọ́. Ohun tí ẹ bi mí ni bóyá owó náà pọ̀ jù, ṣùgbọ́n kì í ṣe orí iye owó ni ọ̀rọ̀ wà. Ká ní yúrò mẹ́wàá péré ni ọkùnrin náà béèrè, ohun kan náà ni mo máa sọ fún yín, nítorí pé ohun tí ó ń tà kò sí lọ́jà rárá. Lẹ́tà tiyín ni ó ṣe ìkarùn-ún irú rẹ̀ tí mo gbà láàárín ọdún kan. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ olóòtú àti olùtúmọ̀ láàárín èdè Dutch àti Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń dùn mí wọ akínyẹmí ara pé àwọn tí wọ́n ń ti ibi iṣẹ́ òru dé, tí wọ́n tún ń jókòó ti ìwé tí wọ́n ń kọ, gan-an ni àwọn oníjìbìtì yìí ń dọdẹ.

Ibi tí àṣìṣe náà ti fìdí múlẹ̀ jù ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí ìwé kan bá ti wà ní èdè Dutch, ìwé èdè Dutch ni, ó sì lè bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ du ẹ̀bùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń lò nínú ìlànà irú àwọn ẹ̀bùn ìtàn àròsọ yìí, oorspronkelijk ni wọ́n ń pè é. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, láti orí gbólóhùn àkọ́kọ́, èdè Dutch ni òǹkọ̀wé fi kọ ìwé náà. Èyí tí a bá kọ ní Gẹ̀ẹ́sì tàbí ní Yorùbá, tí a wá túmọ̀, ìwé ìtumọ̀ ni, bí ó ti wù kí ìtumọ̀ náà dán mọ́rán tó. Àwa náà mọ ìyàtọ̀ yìí nílé. Bí ẹnìkan bá túmọ̀ ìtàn àròsọ àwọn Faransé sí Yorùbá, tí ó sì dùn ún kà, a ó yin olùtúmọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò pe òǹkọ̀wé Faransé náà ní òǹkọ̀wé Yorùbá.

Ìdí tí wọ́n fi di ọ̀rọ̀ yìí mú kò ṣòro láti rí. Àwọn tí èdè Dutch jẹ́ èdè abínibí wọn kò ju bíi mílíọ̀nù 24 lọ, tí a bá ka Nẹ́dálándì, Flanders ní ìhà àríwá Bẹ́ljíọ̀m, àti Súrínámù ní Gúúsù Amẹ́ríkà pọ̀. Ẹ wọ ilé ìtàwé èyíkéyìí ní Rotterdam, ẹ ó rí i pé ìwé tí wọ́n túmọ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì kún orí pẹpẹ, àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bí wọn kò bá ya ẹ̀bùn sọ́tọ̀ fún ẹni tí ó jókòó, tí ó fi èdè tiwọn ronú, tí ó fi dá àrà, èdè ńlá yóò gbé e mì. Ohun tí ìgbìmọ̀ adájọ́ ń gbé yẹ̀ wò ni bí òǹkọ̀wé ṣe lo èdè náà, bí gbólóhùn rẹ̀ ṣe ń rìn, àti irú ohùn tí ó fún àwọn ènìyàn inú ìtàn rẹ̀. Ohùn tí kọ̀ǹpútà fi ọ̀sẹ̀ méjì dà kọ kì í ṣe ohùn yín, adájọ́ tó bá kà á kò sì ní rí yín níbẹ̀.

Ẹ̀bùn Libris tí ó dárúkọ wà lóòótọ́. Láti 1994 ni wọ́n ti ń fún ìtàn àròsọ tó jáde ní ọdún tó ṣáájú. Ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé ni ó ń fi ìwé ránṣẹ́, kì í ṣe òǹkọ̀wé, kì í sì í ṣe alágbàṣe tí a bá pàdé lórí fóònù. Àwọn adájọ́ á kọ́kọ́ mú ìwé 18, wọ́n á sì sẹ́ ẹ kù sí mẹ́fà. Ní oṣù Karùn-ún ni wọ́n máa ń kéde ẹni tó gbà á. 50,000 yúrò ni owó rẹ̀, olúkúlùkù ẹni tó bá sì wọ inú àwọn mẹ́fà náà ń gba 2,500.

P.C. Hooft ni ó fi hàn mí pé ọkùnrin yìí kò mọ nǹkan kan nípa ohun tí ó ń tà. Kò sí ẹ̀dá alààyè kan tí ó ń fi orúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀bùn yẹn. Ní 1947 ni wọ́n dá a sílẹ̀, nígbà tí ó pé ọ̀ọ́dúnrún ọdún tí akéwì Pieter Corneliszoon Hooft kú, gbogbo iṣẹ́ tí òǹkọ̀wé fi ìgbésí ayé rẹ̀ ṣe ni wọ́n sì ń wò: ọdún kan fún ìtàn àròsọ, ọdún kan fún àròkọ, ọdún kan fún ewì, kí ó tó tún yí padà. 60,000 yúrò ni. Ìgbìmọ̀ á jókòó, wọ́n á mú ẹni tí wọ́n mú, ẹni náà á sì gbọ́ pé wọ́n ti mú òun. Ní 1984 wọ́n mú Hugo Brandt Corstius nítorí àwọn àròkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n mínísítà tí ó ń bójú tó àṣà nígbà náà, Elco Brinkman, kọ̀ láti fún un, nítorí bí ó ṣe máa ń kọ ọ̀rọ̀ gbígbóná nípa ìjọba nínú ìwé ìròyìn. Ariwo tí ó tẹ̀lé e pọ̀ débi pé ẹ̀bùn náà dáwọ́ dúró. Nígbà tí ó padà, ó ti bọ́ lọ́wọ́ ìjọba, àjọ kan tí ó dá dúró ni ó ń ṣàkóso rẹ̀, Brandt Corstius sì gbà á ní 1987. Bí wọ́n bá lè yọ ọwọ́ mínísítà kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹ jọ̀wọ́, ọwọ́ ta ni yóò wá fi 1,800 yúrò ti orúkọ yín wọlé?

Ní ti AKO, ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, àwọn ẹ̀bùn kan níbẹ̀ sì ń jẹ́ orúkọ ẹni tó bá ń gbé owó kalẹ̀. Láti 1987 ni ẹ̀bùn yẹn ti wà, AKO sì ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n jù, ṣùgbọ́n ní 2015 ó di ECI, ní 2018 ó di BookSpot, láti 2020 ó sì ti di Boekenbon Literatuurprijs. Ẹni tí ó bá sọ fún yín lónìí pé òun yóò fi ìwé yín sílẹ̀ fún ẹ̀bùn AKO, inú ìwé àtijọ́ kan ni ó ti ṣẹ́ orúkọ náà. Bákan náà ni Gouden Uil, ẹ̀bùn ìwé àwọn ará Flanders, tí òun náà pààrọ̀ orúkọ títí tí kò fi sí mọ́. Ẹ máa kíyè sí irú orúkọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà tó sọ ni ó bí mi nínú jù, nítorí pé ẹ̀rù ni ó fi ń dá bà yín. Èdè tí a fi kọ ìwé ni àwọn ẹ̀bùn ńlá yìí ń béèrè. Abdelkader Benali, ọmọ ilẹ̀ Mòrókò tí wọ́n tọ́ ní Rotterdam yín níbẹ̀, gba Libris ní 2003. Hafid Bouazza tí wọ́n bí ní Mòrókò gba Gouden Uil ní 2004. Kader Abdolah sá kúrò ní Iran, ó dé Nẹ́dálándì ní 1988, lẹ́yìn tí ó dé ni ó kọ́ èdè náà, ó sì fi kọ àwọn ìtàn àròsọ tí wọ́n ń kà káàkiri orílẹ̀-èdè náà títí di òní. Astrid Roemer, ọmọ Paramaribo ní Súrínámù, gba P.C. Hooft ní 2016. Ní 2021 wọ́n tún fún un ní Prijs der Nederlandse Letteren, ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ èdè Dutch tí ọba Nẹ́dálándì àti ọba Bẹ́ljíọ̀m máa ń gbà fún ara wọn láti fi léni lọ́wọ́ ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta. Radna Fabias, ọmọ erékùṣù Curaçao, fi ìwé ewì kan ṣoṣo, ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ pàápàá, gba ẹ̀bùn mẹ́rin ní 2018 àti 2019. Àwọn ẹ̀bùn kéékèèké kan lè ní ìlànà tiwọn nípa ọjọ́ orí, ìlú tàbí ìwé àkọ́kọ́, ìlànà sì máa ń yí padà, nítorí náà ti ọdún tí ẹ wà nínú rẹ̀ gan-an ni kí ẹ kà lójú òpó ẹ̀bùn náà.

Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣé kò sí ẹ̀bùn fún ìwé ìtumọ̀ ni? Ó wà. Láti 2011 ni Europese Literatuurprijs ti ń yẹ́ ìtàn àròsọ ilẹ̀ Yúróòpù tí wọ́n túmọ̀ sí èdè Dutch sí, òǹkọ̀wé àti olùtúmọ̀ ni wọ́n sì jọ ń gbà á. Marie NDiaye ti ilẹ̀ Faransé àti olùtúmọ̀ rẹ̀, Jeanne Holierhoek, ni wọ́n kọ́kọ́ fún. Nílẹ̀ òkèèrè náà, nígbà tí ìwé Marieke Lucas Rijneveld, òǹkọ̀wé èdè Dutch, gba ẹ̀bùn International Booker ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2020, ìdajì 50,000 pọ́n-ùn náà ni Michele Hutchison tí ó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì gbà. Nínú 100,000 yúrò ẹ̀bùn ìwé tí Gerbrand Bakker, òun náà òǹkọ̀wé èdè Dutch, gbà ní Dublin ní 2010, 25,000 jẹ́ ti David Colmer, olùtúmọ̀ rẹ̀. Mo mẹ́nu kan owó yìí kí ẹ lè mọ bí wọ́n ṣe ka iṣẹ́ náà sí. Odindi ìtàn àròsọ máa ń gba olùtúmọ̀ gidi ní oṣù púpọ̀, ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé tí ó fẹ́ tẹ ìwé náà ni ó sì ń sanwó rẹ̀. Òǹkọ̀wé kì í san án.

Nítorí náà, ọ̀nà méjì ni mo rí fún yín. Èkínní ni pé kí ìwé Gẹ̀ẹ́sì yín máa jẹ́ ìwé Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ sì wá ibi tí wọ́n ti ń ka Gẹ̀ẹ́sì sí. Chika Unigwe, ọmọ Enugu tí ó gbé ní Turnhout ní Bẹ́ljíọ̀m fún ọ̀pọ̀ ọdún, tẹ ìtàn àròsọ kan jáde ní èdè Dutch ní 2007. Ti Gẹ̀ẹ́sì jáde ní 2009, òun ni ó sì gba ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ Nàìjíríà tí ilé-iṣẹ́ NLNG ń gbé kalẹ̀ ní 2012, 100,000 dọ́là. Níbẹ̀ gan-an ni ìwé ìrìnnà yín ti wúlò. Ẹ kàn wò ó bóyá ìtàn àròsọ ni ó kàn lọ́dún náà, nítorí pé wọ́n máa ń yí i láàárín ìtàn àròsọ, ewì, eré oníṣe àti ìwé àwọn ọmọdé.

Ọ̀nà kejì ni mo fẹ́ràn jù fún yín, n kò sì sọ pé ó rọrùn. Ẹ kọ ìwé tó kàn ní èdè Dutch. Ọdún mẹ́sàn-án ni ẹ ti fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn arúgbó Rotterdam, bí wọ́n ṣe ń ráhùn, bí wọ́n ṣe ń rántí ogun, bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ ẹni tó ti kú. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ibẹ̀ kò ní irú etí bẹ́ẹ̀. Ìtàn kúkúrú ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn ìwé ìròyìn lítíréṣọ̀ bíi De Gids, tí ó ti wà láti 1837, tàbí Tirade. Wọ́n lè dá a padà fún yín, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí orúkọ yín ni wọn yóò fi dá a padà.

N kì í ṣe agbẹjọ́rò, ẹ má sì ṣe mú ọ̀rọ̀ mi bí ìmọ̀ràn òfin. Bí ọkùnrin náà bá ti fún yín ní ìwé àdéhùn, ẹ má fọwọ́ sí i kí ẹni tó mọ òfin tó kà á, pàápàá ibi tí ó bá ti sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́ láti túmọ̀ ìwé náà, nítorí pé ẹni tí ẹ bá fún ní ẹ̀tọ́ yẹn lè dí yín lọ́nà nígbà tí ilé-iṣẹ́ gidi bá dé. Ẹ má ṣe fi odindi ìwé náà ránṣẹ́ sí i. Ẹ tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ lórí WhatsApp. Bí owó bá ti kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ pe báńkì yín lónìí, kí ẹ sì fi tó Fraudehelpdesk, àjọ tí ó ń gba ẹjọ́ jìbìtì ní Nẹ́dálándì, àti ọlọ́pàá létí. Nígbà tí ẹ bá ti kọ ojú ewé mẹ́wàá àkọ́kọ́ ní èdè Dutch, ẹ fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú gbogbo àṣìṣe tó bá wà níbẹ̀. N ó kà wọ́n, n kò sì ní gba owó lọ́wọ́ yín.