Ṣé lóòótọ́ ni pé eré Ultimate kò ní rẹfirí?

Bẹ́ẹ̀ ni: nínú Ultimate, eré tí ẹgbẹ́ méjì ẹlẹ́ni méje-méje ti máa ń ju àwo oníke pẹlẹbẹ lórí pápá koríko, àwọn eléré fúnra wọn ni wọ́n ń ṣe rẹfirí, títí kan ìdíje àgbáyé pàápàá. Ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀ ni yóò ké e síta, eré yóò sì dúró. Ká ní wọ́n ti ẹni tí ó fẹ́ gba àwo: bí ẹni tí ó tì í bá gbà pé òun jẹ̀bi, àwo di ti ẹni tí wọ́n tì, bí ó bá jiyàn, tí ọ̀rọ̀ kò sì wọ̀, àwo á padà sọ́wọ́ ẹni tí ó jù ú, wọn á sì tún un ṣe. Irọ́ kò ṣòroó pa níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ń fún alátakò rẹ̀ ní máàkì ìwà lẹ́yìn eré, lórí ohun márùn-ún, láti 0 dé 4 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Máàkì 10 nínú 20 kì í ṣe ìtìjú. Eré tí ó lọ déédéé ló ń tọ́ka sí. Líìgì àwọn tí ń gbowó ní Amẹ́ríkà, UFA, ni ó yàtọ̀: rẹfirí ni wọ́n ń lò.