Ẹ yéé fi gíríìsì kun ṣéènì kẹ̀kẹ́, ẹ jọ̀ọ́

Ìbéèrè: Sàláámù àléékùn, ọ̀gá. Pàkátà ni mo wà, kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo ń gùn lọ sí ilé kéú láràárọ̀. Ṣéènì ẹ̀ ń han fín-ín fín-ín, tí mo bá ń gun òkè ó máa ń fò lórí eyín. Fọkanáísà iwájú ilé wa ní kí n ra gíríìsì tó ki, kí n fi kùn ún dáadáa, ó ní tí mi ò bá rówó gíríìsì kí n lọ gba ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ǹmù lọ́wọ́ mẹkáníìkì. Èwo ló dáa jù nínú méjèèjì? Ẹ tún bá mi wo ti jàlámíà mi, dúdú ẹ̀ ò lọ mọ́.

Ìdáhùn: Wàáléékùn sàlámù, Áfà wa. Kò séyìí tó dáa níbẹ̀. Bí mo ṣe kà á dé ibi gíríìsì ni mo ti mí kanlẹ̀, torí ẹ̀yin lẹ ṣìkẹrin tó máa bi mí lọ́sẹ̀ yìí, fọkanáísà ni gbogbo wọn sì ní ó sọ fún wọn. Fọkanáísà mọ táyà lẹ̀, kí wọ́n bá wa fi ṣéènì sílẹ̀.

Ṣéènì tó ń han, inú ẹ̀ ló gbẹ, kì í ṣe ara ẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ wo ojú ṣéènì kan dáadáa. Ẹ máa rí irin pẹlẹbẹ lọ́tùn-ún lósì, ẹ máa rí pín-ìnì tó gba inú wọn kọjá, ẹ wá máa rí rólà, ìyẹn irin róbótó kékeré tó ń yí lórí pín-ìnì yẹn, òun ló ń jókòó sáàárín eyín. Láti pín-ìnì kan sí èkejì, ààbọ̀ íǹṣì géérégé ni, ì báà jẹ́ Raleigh tí bàbá yín fi sílẹ̀ tàbí tòkúnbọ̀ oníjíà. Láti ìgbà tí Hans Renold ti ṣe irú ẹ̀ jáde ní Manchester ní 1880 ló ti ní rólà báyìí. Ibi tí irin ti ń ha irin ni abẹ́ rólà yẹn, lára pín-ìnì níbi tójú ò tó. Ibẹ̀ ló ń fẹ́ ọ́ìlì. Gíríìsì ki, kò lè wọbẹ̀, ìta ló máa jókòó sí.

Kí ló wá ń ṣe níta? Ó ń gba àlejò ni. Ẹ̀yin náà mọ eruku Ìlọrin nígbà ọyẹ́, tó jẹ́ pé ẹ fọ aṣọ láàárọ̀, ó ti pọ́n kó tó di Àṣárì. Gbogbo eruku yẹn, pẹ̀lú iyanrìn tí táyà ń ta sókè, orí gíríìsì ló ń lẹ̀ mọ́, wọ́n á wá pò pọ̀. Ẹ bi mẹkáníìkì ohun tó fi ń lọ fáàfù ẹ́ńjìn, á ní gíríìsì tí wọ́n da iyanrìn líle mọ́ ni. Ohun tẹ́ ẹ fi kun kẹ̀kẹ́ yín nìyẹn o, ẹ̀ ń fowó yín ra nǹkan tó ń lọ ọ́ jẹ.

Ọmọ iléèwé kan gbé tiẹ̀ wá láti Tánkẹ́ lóṣù kìíní, ṣéènì yẹn dúdú bí ọ̀dà títì, inú ẹ̀ sì ń dùn pé òun tọ́jú ẹ̀. Mo fi ìka gé díẹ̀ níbẹ̀, mo fi lé e lọ́wọ́, mo ní kó fi àtàǹpàkò rà á. Ńṣe ló ń ha kẹrẹ kẹrẹ, bí ìgbà tí òkúta bá wà nínú ìrẹsì. Nígbà tí mo fọ̀ ọ́ tán, eyín fíríwíìlì, ìyẹn irin eléyín tó wà lára táyà ẹ̀yìn, ti ṣóńṣó bíi eyín ajá. Ṣéènì tuntun, fíríwíìlì tuntun, ó sanwó méjèèjì pọ̀.

Wọ́n á ní ṣebí ṣéènì tuntun máa ń ní nǹkan bíi gíríìsì lára. Òótọ́ ni, àmọ́ ilé iṣẹ́ ti mú un wọnú ẹ̀ kó tó dọ́wọ́ yín. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń yọ́ gíríìsì nínú agolo lórí iná, á sì ri ṣéènì sí i kó lè wọlé. Ẹ má dán an wò nílé o, tí agolo bá gbiná kì í ṣe èmi ni mo rán yín níṣẹ́.

Ti kọ́ńdẹ́ǹmù, orúkọ ẹ̀ ti sọ fún yín. Èéfín ẹ́ńjìn àti ẹ̀rúnrún irin ló wà nínú ẹ̀, kò sì dáa fún awọ ara. Epo pupa, àdín àti òrí, ẹ fi sílẹ̀, wọ́n máa ń dì bíi gọ́ọ̀mù ni. WD-40 tí wọ́n ń fín, omi ló ń lé, ó sì ń tú ìdọ̀tí, àmọ́ kì í pẹ́ níbẹ̀.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe rèé. Ẹ wá àkísà, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó, àti kẹrosíìnì ìwọ̀nba. Ẹ má lo epo bẹntiróò láéláé, kẹrosíìnì yẹn pàápàá ẹ jìnnà síná, torí àwọn kan ń fi bẹntiróò lú u. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ha ṣéènì, ẹ fi àkísà dì í mú, kẹ́ ẹ máa yí pẹ́dà sẹ́yìn títí àkísà ò fi ní dúdú mọ́, ẹ má jẹ́ kí kẹrosíìnì ṣàn wọnú fíríwíìlì. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, kó gbẹ dáadáa. Ẹ wá lọ ra ọ́ìlì máṣíìnì, èyí táwọn télọ̀ ń lò, tẹ́ ẹ bá rí ọ́ìlì ṣéènì gan-an ìyẹn tún dáa jù ú lọ. Ẹ̀kán kan péré lórí rólà kọ̀ọ̀kan, láti apá inú ṣéènì ìsàlẹ̀. Á tó bí 110 ẹ̀kán, ẹ ní sùúrù. Tẹ́ ẹ bá ṣe é lẹ́yìn Ìṣáì, ẹ jẹ́ kó sùn bẹ́ẹ̀, láàárọ̀ kẹ́ ẹ wá nu gbogbo èyí tójú yín bá rí kúrò. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ nù ún kúrò! Èyí tó wà níta yẹn ló ń ba jàlámíà yín jẹ́, kò ṣe nǹkan mìíràn. Kó má kan ibi tí búréèkì ń dì mú o. Nígbà ọyẹ́ ẹ máa nù ún lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, tójò bá pa á, ẹ nù ún kó gbẹ lọ́jọ́ náà kẹ́ ẹ tún un kán.

Ti fífò lórí eyín, mi ò tíì rí kẹ̀kẹ́ yín, mi ò lè búra. Ẹ fi rúlà wọn ojú ṣéènì 24, láti pín-ìnì dé pín-ìnì, ó yẹ kó jẹ́ íǹṣì 12 gan-an. Tó bá ti fi ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún íǹṣì lé, ẹ pààrọ̀ ṣéènì. Tó bá fi ìlọ́po méjì ìyẹn lé, ó ṣeé ṣe kí fíríwíìlì náà ti lọ. Àmọ́ ó lè jẹ́ pé ó kàn dẹ̀ ni, tó bá jẹ́ kẹ̀kẹ́ tí ò ní jíà, ẹ tú nọ́ọ̀tù táyà ẹ̀yìn, ẹ fà á sẹ́yìn títí ṣéènì á fi máa lọ sókè sódò ní bí ààbọ̀ íǹṣì péré lábẹ́ ìka yín. Kẹ́ ẹ sì lé àwọn ọmọ kéú yín sẹ́yìn nígbà yẹn, torí àwọn ni wọ́n máa ń fẹ́ bá èèyàn yí pẹ́dà, mo ti rí ìka tí ṣéènì gé rí.