Ryzen 9 7950X: ṣé kí n kan gbogbo core mọ́ 5.5 GHz?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Processor AMD kan, Ryzen 9 7950X, tó ní core (ẹ̀ka tó ń ṣiṣẹ́) 16, ni mo fi to kọ̀ǹpútà mi, cooler olómi 360 mm ló sì wà lórí rẹ̀. N kò ṣe overclock (mímú processor sáré ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ) rí. Wọ́n ní kí n wọ BIOS (ètò inú motherboard tó máa ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó tan), kí n fi gbogbo core sí 5.5 GHz, kí n sì fún un ní 1.4 V. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀? Tí kò bá wá tan mọ́ ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ẹ ó kàn pàdánù eré ni. Tí iṣẹ́ bá wà lórí core kan tàbí méjì péré, processor yìí lè sáré dé 5.7 GHz fúnra rẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀ bá kàn án mọ́ 5.5, ẹ ti gé orí eré yẹn nìyẹn, iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni yóò sì kọ́kọ́ jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n lára.

1.4 V yẹn gan-an ló burú jù. Láti 1.2 V sí 1.4 V, ìdá kan nínú mẹ́fà ni voltage fi gòkè, ṣùgbọ́n agbára iná tó ń di ooru á fi ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ pọ̀ sí i, kódà bí eré kò bá yí padà. 95°C ni òpin tí wọ́n fi sí processor yìí. Bí core 16 bá ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí 1.4 V, kò ní pẹ́ kó tó dé ibẹ̀, bó ti wù kí cooler tóbi tó, torí ojú ibi tí ooru ti ń jáde kéré púpọ̀.

Ohun tó yẹ yín ni Curve Optimizer, ètò kan nínú BIOS. Voltage ló máa ń dín kù. Processor á wá lo àyè tí ooru fi sílẹ̀ láti sáré sí i fúnra rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fi BIOS tuntun sí motherboard. Ẹ pa EXPO (ètò tó ń mú RAM sáré sí i) ná, kí àṣìṣe RAM má baà dà bí ti processor. Ẹ ṣí HWiNFO64, tó ń fi ooru àti eré hàn, kẹ́ ẹ fi Cinebench, tó ń dán eré processor wò, ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 10, kẹ́ ẹ sì kọ máàkì rẹ̀, ooru àti Effective Clock (eré tí core ń sá ní tòótọ́) sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ BIOS, ẹ wá Precision Boost Overdrive, ẹ fi sí Advanced. Lábẹ́ Curve Optimizer, ẹ mú All Cores, Negative, 10. Bí ariwo fáànù bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ fi òpin ooru sí 85. Ẹ fi gbogbo ìyókù sílẹ̀. Ẹ tún un dán wò, kẹ́ ẹ tó lọ sí 15, kẹ́ ẹ tó lọ sí 20. Ẹ má fò lọ sí 30 lẹ́ẹ̀kan náà. Bí máàkì bá ń já wálẹ̀ nígbà tí ojú ìwò ṣì ń sọ pé eré ga, ẹ wo Effective Clock: voltage ti kéré jù nìyẹn, ẹ padà sẹ́yìn.

Cinebench nìkan kò tó fún ẹ̀rí o. Bí gbogbo core bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀, eré wọn máa ń rọlẹ̀, voltage tí ẹ dín kù á sì tó wọn. Ìgbà tí kọ̀ǹpútà jókòó jẹ́ẹ́, tí core kan ṣoṣo bá fò sókè dé 5.7, ni kò ní tó, ẹ̀rọ á sì tún ara rẹ̀ tàn lójijì. Nítorí náà, ẹ fi CoreCycler, tó ń dán core wò níkọ̀ọ̀kan, ṣiṣẹ́ mọ́jú.

Bó bá tún ara rẹ̀ tàn, ẹ wo Event Viewer, àkọsílẹ̀ àṣìṣe inú Windows, ẹ wá WHEA-Logger (àṣìṣe hardware) nọ́ńbà 18. Ẹ ó rí APIC ID níbẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà thread (ọ̀nà iṣẹ́ inú core) tó ṣàṣìṣe; ẹ fi 2 pín in, kẹ́ ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Bó bá jẹ́ 12 tàbí 13, core 6 ni, torí láti 0 ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀, core kọ̀ọ̀kan sì ní thread méjì. Ẹ yí All Cores sí Per Core, ẹ fi core yẹn nìkan sí Negative 10, kí àwọn tó kù wà bí wọ́n ṣe wà. Àwọn core tó yára jù ni kì í sábà gba ìdínkù púpọ̀.

Tí kò bá wá tan mọ́: ẹ pa iná, ẹ yọ wáyà rẹ̀ lára ògiri, ẹ fi orí irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan so ẹsẹ̀ méjì tí wọ́n kọ CLR_CMOS sí lára motherboard pọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 10. BIOS á padà sí bó ṣe wà látilẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tó bá tún tàn, síkíríìnì lè dúdú fún ìṣẹ́jú mélòó kan, torí ó ń tún RAM DDR5 wọ̀n ni. Ẹ má pa á.

AMD sọ ọ́ pé gáráńtì kò bo ìbàjẹ́ tó bá ti ọwọ́ Precision Boost Overdrive wá, Curve Optimizer sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí gbogbo core bá ti yege ni kẹ́ ẹ tó tan EXPO padà, kẹ́ ẹ sì fi MemTest86 yẹ RAM wò lọ́tọ̀.