Ẹ Bi Dókítà: Kí Ni Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn Ń Wá Létí Odò?

Lẹ́tà mẹ́ta ni a mú lóṣù yìí nínú èyí tí ẹ fi ránṣẹ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: bí a ṣe ń fi àrùn ilẹ̀ olóoru àti ìlera àgbáyé kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ di dókítà.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin dókítà wa, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi ọkùnrin ti wà ní ọdún kẹrin nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan ní Rẹ́mọ. Láti oṣù tó kọjá, dípò kí wọ́n mú wọn wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, abúlé ni wọ́n ń kó wọn lọ. Ó ní àwọn ń wo odò, àwọn ń ṣa ìgbín, àwọn sì ń béèrè ibi tí àwọn ará abúlé ti ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Gààrí ni mo ń tà tí mo fi ń tọ́ ọmọ yìí o. Ṣé iṣẹ́ wolé-wolé ni mo ń sanwó rẹ̀ ni, àbí iṣẹ́ dókítà? *Ìyá akẹ́kọ̀ọ́, Ìjẹ̀bú-Igbó.*

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìtọ́jú. Owó yín kò ṣòfò rárá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ kan tí èmi náà kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí abúlé kan ní ìsàlẹ̀ omi Ìjẹ̀bú.

Ọ̀sán gangan ni a débẹ̀. Àwọn ọmọdé ń lúwẹ̀ẹ́, àwọn ìyá ń fọ aṣọ, ẹlòmíràn sì rẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ọmọ tó mọ ìwé dáadáa, pe ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, ó sì bi í bóyá ẹ̀jẹ̀ máa ń wà nínú ìtọ̀ rẹ̀. Ọmọ náà ní rárá. Ó bi àwọn mẹ́rin mìíràn, rárá náà ni wọ́n wí, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé àrùn tó ń mú ni tọ ẹ̀jẹ̀ kò sí níbẹ̀. Mo ní kí ó pa ìwé dé, kí ó lọ jókòó ti ìyá àgbà kan tó ń fọ aṣọ, kí ó kí i bí ó ti yẹ, kí ó sì bi í bóyá àtọ̀sí ajá wà ládùúgbò náà. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Èwo nínú àwọn ọmọkùnrin wọ̀nyí ni kò tíì ṣe é?" A fún àwọn ọmọ náà ní ìgò, a ní kí wọ́n sáré yí igi méjì ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta, nítorí pé ẹyin aràn náà máa ń jáde jù lọ́sàn-án àti lẹ́yìn tí ara bá ti mì. Nígbà tí ọmọ tí a kọ́kọ́ bi tọ̀, omi tó kọ́kọ́ jáde mọ́ bí ìtọ̀ gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ìkán tó gbẹ̀yìn pọ́n bí omi osùn. Akẹ́kọ̀ọ́ mi gbé ìgò náà sí oòrùn, ó wò ó títí, kò sì lè sọ̀rọ̀.

Ìyá wa, ohun tí ọmọ yín ń ṣa ìgbín fún nìyẹn. Bí ẹni tó ní àrùn yìí bá tọ̀ sódò, ẹyin aràn inú ìtọ̀ rẹ̀ á pa, ọmọ aràn náà á sì wọ inú ìgbín odò kékeré kan tí kò ju èékánná lọ. Inú ìgbín yẹn ni yóò ti di púpọ̀. Nígbà tí oòrùn bá mú, àwọn ọmọ aràn á jáde sínú omi, wọ́n á gba awọ ara ẹni tó bá wà lódò wọlé láìjẹ́ pé ó mọ̀, wọ́n á sì lọ fìdí kalẹ̀ sínú òpó ẹ̀jẹ̀ tó yí àpò ìtọ̀ ká. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn láti wẹ̀ lọ́sàn-án, ọ̀sán náà sì ni àwọn ọmọ aràn pọ̀ jù lómi.

Ẹ wá wo orúkọ tí a sọ ọ́. Àrùn yìí kò ti ara ajá wá, kò sì ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ìbálòpọ̀, síbẹ̀ àtọ̀sí ni a pè é, ìtìjú orúkọ yẹn ló sì mú kí ọmọ ọdún mẹ́wàá purọ́ fún dókítà. Ti obìnrin tilẹ̀ burú jù. Ẹyin aràn náà lè dégbò sí ojú ara rẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ máa dà, kí ó máa dun ún. Bí ó bá wá bọ́ sọ́wọ́ dókítà tí kò dé etí odò rí, oògùn àtọ̀sí tòótọ́ ni yóò kọ fún un, ọkọ rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bí alágbèrè. Mo ti rí ilé tí ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ká, ó sì dùn mí títí di òní. Bí a bá sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré pé kí ó béèrè odò tí ìyá náà ń pọn kí ó tó béèrè ọ̀rọ̀ inú yàrá rẹ̀, a ti gba ìyàwó ilé kan là.

Oògùn rẹ̀ wà, praziquantel ni, kò sì ṣòro láti lò. Ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé, ọ̀pá gígùn tí a fàlà sí lára ni a máa ń gbé dúró, gíga ọmọ lára ọ̀pá náà ni yóò sì sọ iye hóró tí yóò gbé mì, láìlo òṣùwọ̀n kankan. Ṣùgbọ́n oògùn náà kò bá ọmọ padà sódò. Bí kò bá sí kànga tàbí omi ẹ̀rọ, yóò tún kó o. Níbi adágún omi Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní 1983 lápá Abẹ́òkúta, omi tí a sé láti fi ṣe ìlú lóore náà ni àrùn yìí bá wọ àwọn abúlé etí rẹ̀. Dókítà tí kò bá mọ ìyẹn yóò máa kọ oògùn kan náà fún ọmọ kan náà lọ́dọọdún.

Ọmọ tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde níhìn-ín ní 1927, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti, mọ ọ̀rọ̀ yìí ju gbogbo wa lọ. Dókítà ọmọdé ni. Nígbà tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992, abẹ́rẹ́ àjẹsára, omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, àti ilé ìlera kéékèèké ní ìjọba ìbílẹ̀ ló gbájú mọ́. Ẹ fi ọkàn balẹ̀, yàrá iṣẹ́ abẹ ń bọ̀.

Ìbéèrè: Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ni mí. Mo fẹ́ mọ ìdí tí a fi ń pe àrùn bí ibà ní àrùn "ilẹ̀ olóoru". Ṣé oòrùn wa ló ń fà á ni? Kí ni mo sì lè ṣe kí n mọ ẹ̀kọ́ yìí dájú, yàtọ̀ sí ìwé kíkà? *Ọmọ Ìkẹ́nẹ́.*

Ìdáhùn: Oòrùn kọ́. Ibà wà ní ilẹ̀ àbàtà Kent àti Essex nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó wà ní Amẹ́ríkà títí di 1951, kódà CDC, àjọ ìdènà àrùn Amẹ́ríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Atlanta ní 1946, ọ̀rọ̀ ibà ni wọ́n kọ́kọ́ tìtorí rẹ̀ gbé e kalẹ̀. Oòrùn wọn kò yí padà kí ibà tó lọ; wọ́n fa omi àbàtà gbẹ, wọ́n pa ẹ̀fọn, ilé wọn dára sí i, wọ́n sì rí oògùn lò. Orúkọ náà gbilẹ̀ nígbà tí àwọn òyìnbó dá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Liverpool ní 1898 àti ní London ní 1899, ọdún kan sí méjì lẹ́yìn tí Dókítà Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn ní Íńdíà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti oníṣòwò wọn tó ń kú níhìn-ín ni wọ́n kọ́kọ́ rò. Tiwa ni kí o máa rò nígbà tí o bá ń ka ìwé wọn.

Ní ti ohun tí o lè ṣe, jókòó ti awò tó ń sọ kékeré di ńlá fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kọ́ bí a ṣe ń kán ẹ̀jẹ̀ méjì sórí gíláàsì, ọ̀kan kí ó ki, ọ̀kan kí a tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ. Èyí tó ki ni yóò sọ fún ọ bóyá kòkòrò ibà wà. Èyí tó tẹ́ ni yóò sọ irú tó jẹ́. Bí o bá rí i, ó dà bí òrùka aró tí wọ́n lẹ òkúta pupa kan mọ́. Ẹni tó bá ti fi ojú ara rẹ̀ rí òrùka yẹn kò ní máa pe gbogbo ara gbígbóná ní ibà mọ́. Òótọ́ ni pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ibà àgbáyé ló ń ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an ló ń tan dókítà jẹ. Ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní 1969 lẹ́yìn tó ṣẹlẹ̀ nílùú Lassa ní Borno, máa ń jọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ èkúté lórí oúnjẹ ló sì sábà máa ń fà á.

Ní oṣù keje 2014, ibà ni wọ́n kọ́kọ́ pe àìsàn ọkùnrin kan tó ti Làìbéríà wọ Èkó. Dókítà Stella Adadevoh ló wò ó lẹ́ẹ̀kejì tó ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún Ebola, tó sì kọ̀ láti jẹ́ kó lọ bí wọ́n ti ń fúngun mọ́ ọn tó. Ogún ènìyàn, pẹ̀lú ọkùnrin náà, ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, mẹ́jọ kú, Dókítà Adadevoh náà sì wà lára wọn. Ìwọ tó wà nítòsí Ṣàgámù, níbi tí ọ̀nà Èkó, ti Ìbàdàn àti ti Bẹ́nìn ti pàdé, ronú ibi tí àrùn náà ìbá dé láàárín ọjọ́ méjì bí ọkùnrin yẹn bá jáde. Bi gbogbo aláìsàn rẹ ní ibi tí ó ti ń bọ̀.

Ìbéèrè: Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n bí sí London ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn lọ́hùn-ún. Ó fẹ́ wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nílé ìwòsàn kan nítòsí wa. Kí ni kí n sọ fún un? *Bọ̀dá kan, Ìjẹ̀bú-Òde.*

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ ní kó gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ (yellow fever), ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá kó tó wọlé, kó sì mú káàdì rẹ̀ dání. Lẹ́yìn náà, kó lo oògùn tó ń dènà ibà, kó má sì dá a dúró nígbà tó bá padà dé London títí ọjọ́ rẹ̀ yóò fi pé. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n dàgbà sókè òkun máa ń rò pé ẹ̀jẹ̀ Ìjẹ̀bú tó wà lára àwọn yóò gbà wọ́n lọ́wọ́ ẹ̀fọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó wá kí ìbátan nílé ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbé ibà padà sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun tí wọn kò bá gbà á láyè láti ṣe sí aláìsàn ní London, kó má ṣe é sí aláìsàn wa, bí àwọn òṣìṣẹ́ tilẹ̀ fi ìfẹ́ nà án sí i. Kó má sì ya àwòrán ọmọ ẹnikẹ́ni nínú wọ́ọ̀dù. Bí ó bá gbọ́ Yorùbá díẹ̀, ẹ fi ọ̀rọ̀ àìsàn kún un fún un: giri, jẹ̀díjẹ̀dí, ikọ́ ife, sòbìà. Sòbìà ti kúrò ní Nàìjíríà, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ọwọ́ sí i ní 2013, ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó ní àpá rẹ̀ lẹ́sẹ̀ ṣì wà láàyè. Ẹ mú un lọ bá ọ̀kan nínú wọn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó jókòó, kó sì jẹ́ kí bàbá náà fi ọwọ́ júwe bí wọ́n ṣe ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ká aràn náà jáde díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, àti iye ọ̀sẹ̀ tí kò fi lè dé oko.