Riolu tí wọ́n bí sí Mystery Zone

Àbúrò mi, o ní ẹnì kan bá ọ ṣe pàṣípààrọ̀ nínú géèmù Pokémon Diamond, pé nígbà tí o wo àkọsílẹ̀ Pokémon (ẹ̀dá inú géèmù) tó fún ọ, "Mystery Zone" ló wà níbi tó yẹ kí orúkọ ìlú wà. O fẹ́ mọ apá ibi tó wà lórí máàpù Sinnoh, ilẹ̀ inú géèmù náà, o sì fẹ́ mọ ọ̀nà ibẹ̀, torí wọ́n sọ fún ọ pé èèyàn lè gba inú òkùnkùn ibẹ̀ lọ mú Darkrai, Pokémon kan tó ṣọ̀wọ́n.

Má wulẹ̀ wá a lórí máàpù. Mo ti débẹ̀ rí. Mi ò tíì jáde títí di òní.

Ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ rèé. Gbogbo ibi tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀ nínú géèmù yẹn, ìlú ni o, ihò àpáta ni o, yàrá inú ilé ni o, ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Nọ́ńbà yìí ló ń sọ orúkọ tí géèmù máa gbé jáde. Orúkọ gbogbo ìlú sì tò tẹ̀léra, òdo ni kíkà wọn ti bẹ̀rẹ̀. Orí òdo yẹn ni Mystery Zone jókòó sí. Ibi tí àwọn tó ṣe géèmù ò bá ti nílò orúkọ, òdo ni wọ́n fi sí i, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Lágbájá ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ló máa ń béèrè ọ̀nà ilé Lágbájá?

Òkùnkùn tí o gbọ́ nípa rẹ̀ ńkọ́? Ègé ègé ni wọ́n gé ilẹ̀ Sinnoh, ègé kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣísẹ̀ 32 níbùú àti 32 lóròó, ìwé kan sì wà tó sọ ègé tó kàn ègé. Tí o bá rìn kọjá etí ìwé náà, géèmù ò mọ̀ pé ìwé ti tán. Á kàn máa ka ohunkóhun tó bá wà níwájú nínú ọpọlọ ẹ̀rọ, á sì kà á bí ẹni pé nọ́ńbà ìlú ni. Tó bá kan òdo, Mystery Zone. Tó bá kan nọ́ńbà tó ga ju èyí tó gbẹ̀yìn lọ, ó máa fi ọ́ sí Jubilife City, torí ibẹ̀ ni wọ́n ní kó máa dà wọ́n sí. Ìdí nìyí tí orúkọ Jubilife fi máa ń yọ láàárín òkùnkùn níbi tí kò sí ilé, kò sí igi. Èmi rò pé mo ti délé nígbà àkọ́kọ́ tí mo rí i. Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Àwọn ará Japan ló kọ́kọ́ ṣí ọ̀nà yìí nígbà tí géèmù jáde lóṣù kẹsàn-án ọdún 2006. Wọ́n á wọ yàrá ẹni àkọ́kọ́ nínú Elite Four, àwọn akọni mẹ́rin tí èèyàn ń bá jà ní ìparí géèmù, wọ́n á kọjú sí ilẹ̀kùn tó tì mọ́ wọn lẹ́yìn, wọ́n á lo Surf, àṣẹ tí Pokémon fi ń gbé èèyàn rìn lórí omi, bí ẹni pé omi wà níbẹ̀. Géèmù á gbà! Tí èèyàn bá ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ pé nínú òkùnkùn, á yọ sí erékùṣù Darkrai tàbí sọ́dọ̀ Shaymin, Pokémon míì tó ṣọ̀wọ́n. Àwọn tó ṣì í kà há síbẹ̀, débi pé Nintendo ní láti gbé àtúnṣe jáde. Wọ́n ti dí ihò yẹn kí ti Gẹ̀ẹ́sì tó jáde ní 2007. Ọ̀nà kan ló ṣẹ́ kù, òun ni wọ́n ń pè ní tweaking: èèyàn á máa fi kẹ̀kẹ́ sáré lọ, sáré bọ̀ níbi tí ègé mẹ́rin ti pàdé, títí ilẹ̀ ò fi ní lè tètè jáde mọ́.

Ọ̀nà yẹn ni mo gbà ní 2009. Mo ti lo wákàtí tó lé ní 140 lórí káàdì géèmù mi. Mo kọ iye ìṣísẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé ìṣirò, mo sì ṣí Pokétch, aago inú géèmù, sí ojúewé tó ń ka ìṣísẹ̀. Ó ń lọ dáadáa. Màmá mi wá pè mí pé kí n lọ pọn omi. Mo pa DS, ẹ̀rọ géèmù mi, dé, mo sáré jáde. Ìgbà tí mo padà, àbúrò mi ọkùnrin ti ṣí i, ó rí nǹkan tó jọ bọ́tìnì, ó sì fi ìka tẹ C. Kíkà ìṣísẹ̀ mi padà sí òdo! Ó tún fi ọ̀yàyà sọ fún mi pé òun ti bá mi rìn díẹ̀.

Mi ò lè lù ú, torí èmi náà ni mo ti séèfù sínú òkùnkùn kí n tó dìde. Séèfù kan ṣoṣo sì ni káàdì náà ń gbà.

Gbogbo ohun tí o fẹ́ dábàá, mo ti gbìyànjú rẹ̀. Mo ní kí Pokémon mi dákú tán kí wọ́n lè gbé mi lọ sí Pokémon Center, ilé ìwòsàn wọn. Kò sí ẹranko kankan níbẹ̀ tó máa bá mi jà. Ọ̀kan wà tí májèlé ti wọ̀ lára, mo ní ìyẹn á kú lójú ọ̀nà bó ṣe máa ń rí nínú Pokémon Ruby tó ṣáájú. Àṣé láti Diamond ni wọ́n ti yí i padà: májèlé á jẹ ẹ́ títí agbára rẹ̀ (HP) á fi ku 1, á sì fi í sílẹ̀. Mo rìn títí iná DS fi pupa, tí wọn ò sì dá iná padà. Nígbà míì, ojú ẹ̀rọ á dúdú, orin á dákẹ́, ó di kí n pa á kí n tún un tàn, ibi tí mo wà náà ni màá bá ara mi.

Ẹyin Riolu, Pokémon kan, tí Riley, ẹnì kan nínú géèmù, fún mi ní Iron Island wà lápò mi ní gbogbo àkókò yìí. Ìṣísẹ̀ ló ń pa ẹyin nínú géèmù, kò sì mọ òkùnkùn yàtọ̀ sí ìmọ́lẹ̀, ó pa lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kẹta. Mo ṣí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wò: Mystery Zone. Ó ṣeé ṣe kí tìrẹ náà jẹ́ irú rẹ̀, tàbí kí wọ́n fi Action Replay, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yí géèmù padà, ṣe é. Èyí ó wù kó jẹ́, kò ní ba káàdì rẹ jẹ́, máa lò ó. Darkrai ni kí o gbàgbé, àyàfi tó bá jẹ́ káàdì kejì tí kò sí nǹkan gidi lórí rẹ̀ lo fẹ́ fi dán an wò. Mi ò ní kọ iye ìṣísẹ̀ náà fún ọ.

Wọ́n ní kí n tẹ Up, Select àti B pọ̀ kí n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kí n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Mi ò ṣe é. Pokémon Platinum àlòkù ni mo rà. Káàdì Diamond náà kò lo bátìrì láti fi rántí nǹkan bíi ti Pokémon Gold àtijọ́, nítorí náà mo máa ń kì í bọ DS lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Riolu yẹn ṣì wà ní ipele 1.