Ìbọn wo ni kí n rà sílé láti fi dáàbò bo ìdílé mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti gba láísẹ́ǹsì, ó ku kí n ra ìbọn tí màá fi sílé nítorí àwọn olè. Èmi àti ìyàwó mi la jọ ń gbé, pẹ̀lú ọmọ méjì, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 6, èkejì jẹ́ 10, yàrá wọn wà ní òdìkejì pálọ̀. Màmá mi náà wà lọ́dọ̀ wa, wọ́n sì máa ń jí rìn kiri lóru. Pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi gé yàrá inú ilé wa. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n ra pump-action, ìyẹn shotgun tí wọ́n ń fa ìdìmú abẹ́ ọ̀pá ẹ̀ síwá-sẹ́yìn kí ọta tó wọlé, wọ́n ní tí olè bá ti gbọ́ bó ṣe ń dún kàṣà-kàṣà báyìí á ti sá lọ, àti pé kò sídìí kéèyàn máa fojú sun ún torí ọta ẹ̀ á fọ́n ká gbogbo yàrá. Ẹlòmíì ní ìbọn pélébé, ìyẹn pistol, ló dáa, ẹnì kan tiẹ̀ ní kí n ra rifle bíi ti sójà. Ìyàwó mi ò sanra, òun náà sì gbọ́dọ̀ lè lò ó tí mi ò bá sí nílé. Èwo ni kí n mú?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, o ṣeun tó o bèèrè kó o tó náwó, torí nínú iṣẹ́ ìkọ́ni ní ìbọn tí mò ń ṣe yìí, ẹ̀yìn tí wọ́n bá ti rà á tán lọ̀pọ̀ máa ń wá bi mí bóyá èyí tí wọ́n rà dáa. Nínú gbogbo ohun tó o kọ yẹn, nǹkan méjì ni ojú mi kọ́kọ́ lọ síbẹ̀: ògiri pátákó yẹn àti màmá tó ń rìn lóru. Ẹni sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹ̀ ní í bà, bẹ́ẹ̀ náà ni ọta ìbọn tó bá tàsé nínú ilé ẹ, ó ṣì ń lọ síbì kan, ibi tó ń lọ yẹn ló sì yẹ kó o kọ́kọ́ mọ̀ kó o tó máa wo orúkọ ìbọn kankan.

Ká mú ti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ ná. Kàṣà-kàṣà yẹn, lóòótọ́ olè kan lè gbọ́ ọ kó sá, òmíì á gbọ́ ọ á kàn mọ ibi tó o fara pa mọ́ sí ni, tó bá wá jẹ́ pé òun náà mú nǹkan dání ńkọ́? Èèyàn kì í gbé ètò ilé ẹ̀ lé ohun tí olè máa rò lọ́kàn. Ti pé ọta á fọ́n ká gbogbo yàrá yẹn ló tiẹ̀ burú jù, inú sinimá ló ti ń ṣẹlẹ̀. Katírììjì 12 gauge kan (gauge ni wọ́n fi ń sọ bí ẹnu shotgun ṣe fẹ̀ tó, 20 gauge kéré sí 12) tí wọ́n kó ọta ńlá double-ought buck sí, ọta 8 tàbí 9 ló sábà máa ń wà nínú ẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan fẹ̀ ju mìlímítà 8 lọ díẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń jáde lẹ́nu ìbọn, ìṣirò tá a fi ń kọ́ èèyàn ni pé wọ́n á máa fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ínǹṣì 1 fún yáàdì 1, àwọn katírììjì míì tiẹ̀ ń ṣù mọ́ra jùyẹn lọ dáadáa. Wá wò ó, láti ìdí bẹ́ẹ̀dì ẹ dé ẹnu ilẹ̀kùn, ṣé ó ju mítà 4 tàbí 5 lọ ni? Gbogbo ọta yẹn á ṣì wà lójú kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Tó o bá yìn ín láìfojúsùn, á tàsé bí ìbọn yòówù ṣe ń tàsé, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ò ju pé ọta 9 ló máa wá lu pátákó yẹn já dípò ẹyọ kan.

Ìyẹn ò wá sọ shotgun di ìbọn burúkú o. Ó lágbára gan-an, téèyàn bá jókòó sínú yàrá kan, tó ti ilẹ̀kùn, tó kọjú ẹnu ìbọn sí ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo, mi ò mọ èyí tó tún dáa jù ú lọ. Àmọ́ 12 gauge máa ń gún èèyàn léjìká, ìdí ẹ̀ sì gùn, láti tírígà dé ibi tó ń kan èjìká nínú ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà, nǹkan bí ínǹṣì 14 ni, apá ẹni tí ò ga á nà jù, á wá máa fẹ̀yìn tì bí ẹni tó fẹ́ ṣubú. Tó bá jẹ́ shotgun lo máa rà ṣá, 20 gauge ni kó o wò, kí ìdí ẹ̀ wà láàárín ínǹṣì 12 sí 13, ìyàwó ẹ á lè gbá a mú. Pump-action tún ní wàhálà tiẹ̀: ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n kì í fà á dé ẹ̀yìn tán, á fà á dé ìdajì á tì í padà, ìbọn á há, ìgbà tí kò yẹ kó há gan-an ló sì máa ń há. Mo ti rí i lára àwọn tó ti lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún níbi tá a ti ń fi ìbọn dánra wò, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti dẹ́rù bà wọ́n.

Rifle bíi ti sójà tí wọ́n sọ yẹn, ó yà mí lẹ́nu láti sọ ọ́ àmọ́ òun ló rọrùn jù láti fi yin nǹkan kó sì bà á, torí ọwọ́ méjèèjì àti èjìká ló ń gbé e, kì í sì í ti èèyàn sẹ́yìn púpọ̀. Ọta .223, tí irú rifle bẹ́ẹ̀ sábà máa ń lò, tí wọ́n ṣe láti máa fẹ̀ tàbí fọ́ tó bá ti kan nǹkan máa ń yí po tó bá ti lu pátákó, agbára ẹ̀ sì lè tètè dín kù ju ti ìbọn pélébé míì lọ. Àmọ́ ariwo ẹ̀ nínú yàrá, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni ò sì jẹ́ kí ará ìlú mú un sílé. Lọ wo ohun tí wọ́n kọ sínú láísẹ́ǹsì ẹ ná, ó ṣeé ṣe kí ìyẹn nìkan ti parí ọ̀rọ̀ yìí.

Ìbọn pélébé ló ṣòro jù nínú gbogbo wọn láti yìn dáadáa, má jẹ́ kí ẹni tó ń tà á tàn ẹ́. Ó kúrú, bí ìka ẹ bá sún báyìí lásán ọta ti gba ibòmíì lọ. Síbẹ̀ òun ni màá mú fún ẹ, ìdí ẹ̀ sì ni yàrá àwọn ọmọ tó wà ní òdìkejì pálọ̀. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ẹnì kan gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn, á ṣílẹ̀kùn, á tan iná, á fa ọmọ ọdún 6 lọ́wọ́, á tún mú fóònù pe ọlọ́pàá, ọwọ́ kan ló sì kù fún gbogbo ìyẹn. Tí ọ̀nà bá wà láti gbé yàrá àwọn ọmọ sún mọ́ tiyín, ìdáhùn mi lè yí padà, kò sì ná ẹ lówó kankan.

Èyí tó tóbi ni kó o rà, 9mm (bí ọta ẹ̀ ṣe fẹ̀ tó nìyẹn), tí ìdí ẹ̀ kún ọwọ́, tó níbi tí wọ́n ń so iná mọ́ lábẹ́ ọ̀pá. Àwọn èèyàn máa ń rò pé obìnrin kékeré, ìbọn kékeré, rárá o, èyí tó ń wọ àpò yẹn fúyẹ́ débi pé gbogbo bó ṣe ń ta ọwọ́ ló máa dùn ún, lẹ́yìn ọta 10 kò ní fẹ́ yìn ín mọ́, ẹni tí ò bá sì fẹ́ dánra wò kò lè mọ̀ ọ́n lò. Tó bá ṣòro fún un láti fa orí ẹ̀ sẹ́yìn, ìyẹn irin òkè tí wọ́n ń fà kí ọta lè wọlé, kó má fi ìka méjì fún un bí ẹni ń já ewé, kó fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ gbá a mú lókè kó wá fi ọwọ́ kejì ti ìdí ìbọn síwájú, ẹ máa rí i pé agbára wà níbẹ̀. Revolver náà wà, ìbọn pélébé tí ọta ẹ̀ ń wà nínú àgbá kékeré tó ń yí, kò ní orí tí wọ́n ń fà, àmọ́ ọta 5 tàbí 6 ló sábà máa ń gbà, tírígà ẹ̀ sì le.

Ọ̀rọ̀ ọta fúnra ẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1986, àwọn FBI, ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, bá àwọn adigunjalè méjì pàdé ní Miami, òṣìṣẹ́ wọn méjì kú, ọta kan tó ti wọlé sára ọ̀kan nínú àwọn adigunjalè yẹn dúró kó tó dé ọkàn ẹ̀, ọkùnrin náà sì ń bá ìjà lọ. Lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n wá gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀, pé ọta gbọ́dọ̀ wọ inú jẹ́lì tí wọ́n fi ń dán an wò dípò ara èèyàn tó ínǹṣì 12, kó má sì ju 18 lọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn ọta wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń pa ẹyẹ, ó sábà máa ń dúró sókè ara. Ìdí nìyẹn náà tí kò fi sí ọta tó máa dá èèyàn dúró tí pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ máa wá dá òun náà dúró, ẹni tó bá ní òun ní irú ẹ̀ ọjà ló ń tà. Ra èyí tí orí ẹ̀ jin kòtò, tó máa ń là tó bá wọ ara, ó dín ewu kù ju olórí bíríbírí lọ, àmọ́ tó bá tàsé, ògiri méjì-mẹ́ta ló ṣì máa lù já.

Torí náà lọ́sàn-án gangan, láìmú nǹkan kan lọ́wọ́, dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ kó o nawọ́ síbi tí olè máa gbà wọlé, wo ohun tó wà lẹ́yìn ibẹ̀. Ṣé yàrá màmá ni? Tó bá jẹ́ òun ni, sún sí apá kejì, wá ibi tó jẹ́ pé ògiri búlọ́ọ̀kù ìta lọwọ́ ẹ kọjú sí. Kí ìyàwó ẹ náà ṣe é. Ẹ lè rí i pé kò tiẹ̀ síbi kankan nínú pálọ̀ yẹn téèyàn lè yìnbọn láìkọjú sí ọmọ, nígbà yẹn ẹ ti mọ̀ pé ẹ ò gbọ́dọ̀ yìn ín níbẹ̀, inú kọ́rídọ̀ tàbí yàrá yín lẹ máa dúró sí.

Màmá wá ńkọ́. Ẹni tẹ́ ẹ máa gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ lóru jù lọ nínú ilé yẹn, màmá ni. Tọ́ọ̀ṣì àmúlọ́wọ́ gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn, ìyẹn lẹ fi ń wo èèyàn, iná tó wà lára ìbọn kì í ṣe fún wíwo ẹni téèyàn ò tíì mọ̀, torí ibi tí iná yẹn bá kọjú sí lẹnu ìbọn náà kọjú sí. Ẹ pariwo, "Ta nìyẹn?", kí wọ́n dáhùn. Lọ wo bẹ́ẹ̀dì wọn kó o tó ro olè. Tan iná kékeré sílẹ̀ ní kọ́rídọ̀ mọ́jú, kí ilẹ̀kùn ìta máa dún tí wọ́n bá ṣí i, ìyẹn á jẹ́ kó o mọ̀ bóyá ẹnì kan wọlé tàbí màmá ló ń lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ọmọ ọdún 6 àti 10 ò ní ibi tí ọwọ́ wọn ò tó, orí wọ́dúròòbù kì í ṣe ibi ìpamọ́. Séèfù kékeré tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀ tàbí mọ́ bẹ́ẹ̀dì ni, èyí tí ẹ lè fọwọ́ tẹ nọ́ńbà ẹ̀ nínú òkùnkùn, kí ìwọ àti ìyàwó ẹ nìkan mọ nọ́ńbà náà. Shotgun tó bá wà nílé, ẹ má fi katírììjì sínú ọ̀pá ẹ̀ pa mọ́, ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé tírígà nìkan ni lọ́ọ̀kì ara ẹ̀ ń dì mú, tó bá já bọ́ ó lè dún fúnra ẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni nínú ilé bá wà tí ọkàn ẹ̀ bà jẹ́ gan-an, tó ń sọ pé ayé sú òun, ìbọn gbọ́dọ̀ kúrò nílé yẹn fún ìgbà kan, lọ fi pa mọ́ síbi tí òfin gbà ọ́ láyè.

Ariwo náà, mo fẹ́ kó o mọ̀ ọ́n, ìbọn máa ń dún kọjá dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 140, ibẹ̀ sì ni etí èèyàn ti ń bà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, inú yàrá tún burú jù. Ìbòtí tó ń lo bátìrì, tó ń jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn kékeré tó sì ń dí ariwo ńlá, fi ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ séèfù. Tẹ́ ẹ bá ti kó gbogbo yín jọ sí yàrá kan tán, ẹ tì í, ẹ pe ọlọ́pàá, ẹ dúró síbẹ̀, kí olè kó tẹlifíṣọ̀n lọ, má tẹ̀ lé e.

Ó ku èyí tí o ò bèèrè: orúkọ ta ló wà lórí láísẹ́ǹsì yẹn? Tó bá jẹ́ tìẹ nìkan, ní ọ̀pọ̀ ibi ìyàwó ẹ ò lẹ́tọ̀ọ́ láti fọwọ́ kàn án tí o ò bá sí nílé, kó lọ gba tiẹ̀ kẹ́ ẹ tó ra nǹkan kan. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ jọ lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ìbọn dánra wò, kó yin méjì-mẹ́ta nínú àwọn tí mo dárúkọ fúnra ẹ̀, kó fa orí ẹ̀ fúnra ẹ̀, kó kó ọta sí magasíìnì (àpò ọta ìbọn náà) fúnra ẹ̀, tó bá wá mú èyí tí ìwọ ò fẹ́ràn, òun ni kẹ́ ẹ rà.