Ẹ Bi Wá: Fíìmù Sáí-fáì Pẹ̀lú Owó Tó Wà Lápò

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa. Látìgbà tá a ti sọ pé ọ̀rọ̀ fíìmù ṣíṣe la máa gbé yẹ̀ wò lóṣù yìí ni lẹ́tà ti ń wọlé, ohun tó sì múnú mi dùn jù ni pé sáí-fáì, ìyẹn ìtàn àròsọ tó dá lórí sáyẹ́ǹsì, ni púpọ̀ nínú wọn ń béèrè, ẹ̀rọ tó lè gbé èèyàn padà sánàá, àwọn ẹ̀dá tó wá láti ayé míì, bí ìlú wa ṣe máa rí nígbà táwọn ọmọ ọmọ wa bá dàgbà. Ó pẹ́ tí mo ti ń retí irú lẹ́tà báyìí. Mo mú márùn-ún nínú wọn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 24 ni mí. Mo ti kọ ìtàn kan, ojú ìwé 90, ó dá lórí ogun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2150, ọkọ̀ òfurufú mẹ́fà tó ń jagun ló wà nínú ẹ̀ àti ìlú kan lórí òṣùpá. Owó tí mo rí tọ́jú jẹ́ 350,000 náírà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n lọ wá spọ́ńsọ̀, wọ́n ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ṣé kí n dúró ni? (Òǹkàwé yín ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má dúró. Àmọ́ má tíì ya ìtàn yẹn náà, tọ́jú ẹ̀ síbì kan dáadáa, ọjọ́ ẹ̀ ń bọ̀.

Òótọ́ ni pé owó ló ń pa ọbẹ̀ tó dùn, ṣùgbọ́n ṣé o ò tíì jẹ ẹ̀fọ́ yánrin tí ìyá àgbà fi irú àti epo lásán sè rí, tó o fẹ́rẹ̀ẹ́ lá àwo? Ohun tó wà nílé ló wò kó tó gbé ìkòkò kaná. Àwa oníṣẹ́ fíìmù la máa ń ṣe é sódì, èèyàn á kọ ìtàn tán, á wá máa wá owó tó bá a mu kiri, ọdún márùn-ún á lọ. Kọ́kọ́ ka ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ ná, ilé ta lo lè lò láì sanwó, mọ́tò ta, ta ló mọ eré ṣe nínú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ, ibo ló dá páropáro ládùúgbò yín, kó o wá kọ ìtàn tó máa wọ inú ẹ̀. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Ọkùnrin kan wà ní Amẹ́ríkà, James Ward Byrkit lorúkọ ẹ̀, ilé ara ẹ̀ ló ti ya fíìmù Coherence tó jáde lọ́dún 2013, òru márùn-ún ló fi yà á, owó ẹ̀ ò ju bíi 50,000 dọ́là lọ. Èèyàn mẹ́jọ ń jẹun alẹ́, ìràwọ̀ onírù kan ń kọjá lójú sánmà, bẹ́ẹ̀ niná lọ. Wọ́n yọjú síta, gbogbo àdúgbò ṣókùnkùn àfi ilé kan lọ́ọ̀ọ́kán tíná ẹ̀ ń tàn, làwọn méjì bá lọ wò ó, àṣé ilé tí wọ́n ti jáde náà ni, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì jókòó sídìí tábìlì níbẹ̀! Ilé kan ṣoṣo ni wọ́n yà o. Bí wọ́n bá fẹ́ kó o mọ̀ pé tibí kọ́ làwọn èèyàn yìí, àwọ̀ igi iná kékeré tó wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n á jẹ́ kó o rí, búlúù lọ́wọ́ àwọn tibí, pupa lọ́wọ́ àwọn tọ̀hún, irú igi oníke táwọn ọmọdé ń mú lọ́wọ́ níbi páátì, tó o bá ṣẹ́ ẹ báyìí á máa tàn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo dá fíìmù náà dúró, mo dìde, mo rìn yí pálọ̀ mi po. Ohun tí mò ń fẹ́ kó o mú níbẹ̀ ni pé iná tó lọ ni gbogbo ẹ̀rù fíìmù yẹn ti bẹ̀rẹ̀, ta ló wá lè kọ ìran iná lọ ju ọmọ Mọ́kọ́lá lọ?

Shane Carruth náà nìyẹn, tó ya Primer, fíìmù nípa ọ̀rẹ́ méjì tó ṣe ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn padà sánàá, òun ní tiẹ̀ ná bíi 7,000 dọ́là, fíìmù náà sì gba ẹ̀bùn tó ga jù ní Sundance, àjọ̀dún fíìmù kan ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2004. Òun ló kọ ọ́, òun ló dárí ẹ̀, òun ló ṣe olú eré, òun ló gé e pọ̀, òun ló tún kọ orin inú ẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń gbé wọn padà sẹ́yìn ò ju àpótí kan tí wọ́n kàn pọ̀ nínú gáréèjì, pẹ̀lú páìpù àti wáyà. Kí ló wá mú ká gbà á gbọ́? Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni. Àwọn méjì yẹn ń jiyàn bí àwọn bọ̀ọ́dà tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, wọn ò dúró ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni, ìwọ tó ò ń wò ló máa sáré bá wọn.

Ó yá, padà sórí 350,000 ẹ. Fíìmù ìṣẹ́jú 10 sí 12, ilé kan, áktọ̀ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́ta. Nǹkan kan ṣoṣo ni kó yàtọ̀ sí ayé tá a mọ̀, má jẹ́ kó di méjì. Bó bá jẹ́ èmi, ẹyọ sójà kan ni màá yọ nínú ogun ẹ yẹn, màá fi sínú yàrá kan ní Mọ́kọ́lá pẹ̀lú rédíò àtijọ́ tí bàbá ẹ̀ fi sílẹ̀, rédíò yẹn á wá máa ka ìròyìn ọdún 2150. A ò ní rí ọkọ̀ òfurufú kankan, àmọ́ a máa gbọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ní ọjọ́ kejì wọ́n ka orúkọ àwọn tó kú, orúkọ ìdílé ẹ̀ wà níbẹ̀. Rédíò náà ò ní ju ẹgbẹ̀rún mélòó kan náírà lọ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta tòkúnbọ̀, ìyókù ẹ̀ di ohùn àti ojú ẹni tó ń gbọ́ ọ.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá wa, tíṣà ni mí n'Ílọrin, èmi àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fẹ́ fi fóònù ya fíìmù kékeré kan, ọmọ kan á wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù, á pòórá, á jáde sáyé míì. A ò ní kọ̀ǹpútà tó lágbára. Báwo la ṣe máa ṣe é?

ÌDÁHÙN: Tíṣà, ẹ ò nílò kọ̀ǹpútà fún pípòórá. Lọ́dún 1896, onídán ará Faransé kan, Georges Méliès, ń ya ìgboro Paris, kámẹ́rà ẹ̀ bá há, ó tó ìṣẹ́jú kan kó tó tún un ṣe, nígbà tó wá wo ohun tó yà, ọkọ̀ akérò tó ń kọjá ti ṣàdédé di ọkọ̀ òkú. Bóun fúnra ẹ̀ ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ní 1902 ó ti ń fi ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ gbé èèyàn lọ sórí òṣùpá, páálí àti ọ̀dà ni òṣùpá ọ̀hún. Àwọn bàbá wa tó ń ṣe fíìmù Yorùbá nígbà kásẹ́ẹ̀tì mọ̀ ọ́n dáadáa, tí wọ́n á pe ọfọ̀ tí èèyàn á di ewúrẹ́, wọ́n á dá kámẹ́rà dúró, áktọ̀ á kúrò, wọ́n á fa ewúrẹ́ wọlé, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́. Èmi ò fara mọ́ àwọn tó ń fi ọgbọ́n yẹn ṣẹ̀sín lónìí, òun gan-an ni ìyá gbogbo ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó dáa: ẹ so fóònù mọ́ nǹkan tí ò ní mì rárá, kẹ́nikẹ́ni má sún un láàárín ìgbà tọ́mọ wà níbẹ̀ àti ìgbà tó bá ti kúrò. Ẹ fọwọ́ tẹ ojú fóònù mọ́lẹ̀ títí á fi ti ìmọ́lẹ̀ àti fókọ́ọ̀sì pa, torí bẹ́ ò bá tì í, yàrá á ṣàdédé mọ́lẹ̀ sí i nígbà tọ́mọ bá kúrò, aṣírí á tú. Ẹ pa fáànù, ẹ di kọ́tìnì mú kó má fẹ́, kẹ́ ẹ sì tètè ṣe é kí ìkùukùu tó bo oòrùn. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi ìró kan sí i níbi tó ti pòórá, kódà ìró ilẹ̀kùn tó dún gbàgà lọ́nà jíjìn. Ìró yẹn ló máa jẹ́ kójú gbà á.

Ayé míì tó máa jáde sí ńkọ́? Bẹ́ ẹ bá rówó mọ́tò, orí òkè Ìdànrè tó ayé míì fún mi. Bí ò bá sì sí, aṣọ aláwọ̀ ewé ni, ẹ á ta á sẹ́yìn ọmọ náà, ẹ á wá fi àwòrán ibòmíì rọ́pò àwọ̀ ewé yẹn nígbà tẹ́ ẹ bá ń ẹ́díìtì. Àwọn ọ̀dọ́ kan ní Kaduna tí wọ́n ń jẹ́ The Critics Company, fóònù tójú ẹ̀ ti fọ́ ni wọ́n fi ń ya sáí-fáì tí òkìkí wọn fi kàn káàkiri ayé ní 2019, oṣù kan gbáko ni wọ́n sì fi tọ́jú owó kí wọ́n tó ra aṣọ yẹn lọ́jà. Ẹ lọ̀ ọ́ kó dán, ẹ jẹ́ kọ́mọ náà jìnnà sí i tó mítà méjì kí àwọ̀ ewé má ràn mọ́ ọn lára, iná aṣọ lọ́tọ̀, iná ọmọ lọ́tọ̀. Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe àwòrán, ọ̀fẹ́ ni, kódà òun ni wọ́n fi ṣe Flow, fíìmù ológbò láti Latvia tó gba Oscar lọ́dún 2025. Tí ọmọ kan nínú kíláàsì yín bá ń bá kọ̀ǹpútà ṣeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi hàn án.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú làákàyè o. A ti ya fíìmù wa tán l'Abẹ́òkúta, àwòrán ẹ̀ rẹwà, àmọ́ gbogbo ẹni tó wò ó ló ń sọ pé kò jọ fíìmù gidi. Kí ló fa á?

ÌDÁHÙN: Ohùn ni, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra. Òǹwòran á gba àwòrán tó ṣókùnkùn, á ní bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́ ẹ ni, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ò bá yéni nínú sáí-fáì, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ yẹn ló máa sọ fún wa pé ọdún wo la wà, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Fíìmù kékeré tí mo kọ́kọ́ ṣe, ọjọ́ méjì tá a fi yà á lọ sọ́run, torí jẹnẹrétọ̀ ilé kejì wà nínú gbogbo gbólóhùn, ó sì dùn mí gidi nítorí ọmọbìnrin tó ṣe eré yẹn sunkún tọkàntọkàn lọ́jọ́ náà, kò sì tún lè sun irú ẹkún yẹn mọ́.

Ẹ lọ bá àwọn aládùúgbò lọ́jọ́ kan ṣáájú, ẹ bẹ̀ wọ́n, ẹ bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n máa ń tan jẹ́nẹ́, ẹ yẹra fún àkókò yẹn. Iná bátìrì ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ gbé fóònù kejì sínú àpò áyà ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kó máa gba ohùn, kẹ́nì kan pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níwájú kámẹ́rà kẹ́ ẹ lè rí ibi tẹ́ ẹ máa so méjèèjì pọ̀. Ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ògiri tó ń dún padà. Ẹ pa fíríìjì, kẹ́ ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò yín sínú ẹ̀, kẹ́ ẹ má bàa gbàgbé láti tàn án padà kẹ́ran onílé tó bàjẹ́. Kẹ́ ẹ tó kúrò nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo èèyàn dákẹ́ jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, ẹ gba ohùn yàrá náà lásán, òun lẹ máa fi dí àlàfo nígbà tẹ́ ẹ bá ń ẹ́díìtì. Èyí tẹ́ ẹ ti yà yẹn, ẹ pe àwọn áktọ̀ padà, ẹ gba ohùn wọn lẹ́ẹ̀kejì nínú wọ́dúróòbù tí aṣọ kún. Kò pẹ́ jù.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá ọlọ́mọ méjì ni mí ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ ṣe fíìmù sáí-fáì lédè Yorùbá fún iṣẹ́ yunifásítì ẹ̀, olùkọ́ ẹ̀ ní àwọn èèyàn ò ní lóye ẹ̀, àti pé ṣé Yorùbá tiẹ̀ ní ọ̀rọ̀ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Ó ti fẹ́ yí i sí gẹ̀ẹ́sì.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ má jẹ́ kó yí i o, mo bẹ̀ yín. Gẹ̀ẹ́sì náà ò ní ọ̀rọ̀ fún fóònù kó tó di pé fóònù dé. Àwa ti ń sọ kánàkò àti egbé tipẹ́, ká rin ọ̀nà ọjọ́ méje ní ìṣísẹ̀ kan, kí ewu dé kéèyàn bá ara ẹ̀ nílé. Ohun tí sáí-fáì máa bi í ni pé báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ló sì ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá lò ó. Ẹ ní kó jókòó ti ìdáhùn yẹn. Bí wọ́n ṣe máa sọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé yín gẹ́lẹ́ ni, "ẹ̀rọ yẹn tún ti há o", kò nílò ìjìnlẹ̀ kankan. Wọ́n á fi gẹ̀ẹ́sì kéékèèké sí ìsàlẹ̀ fún olùkọ́ ẹ̀.

Kó wo Pumzi, tí Wanuri Kahiu ará Kẹ́ńyà ṣe lọ́dún 2009, bí ogún ìṣẹ́jú ni. Ogun ti jà nítorí omi, àwọn tó kù ń gbé abẹ́ òrùlé, òógùn wọn gan-an ni wọ́n ń sẹ́ mu, ọmọbìnrin kan wá rí erùpẹ̀ tí nǹkan lè hù nínú ẹ̀. Ìbẹ̀rù ọ̀dá ni, ìbẹ̀rù tiwa n'Áfíríkà, ibi tó yẹ kó ti mú tiẹ̀ náà nìyẹn. Kó bi yín léèrè ohun tẹ́ ẹ̀ ń bẹ̀rù nípa ilé nígbà tẹ́ ẹ fi kúrò ńbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé dandan ni kí n sanwó fáwọn ọ̀rẹ́ tó bá mi ṣe fíìmù? (Ṣàgámù)

ÌDÁHÙN: Bówó bá wà, san án, bó ti wù kó kéré. Bí ò bá sí, oúnjẹ gbígbóná lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ àti owó mọ́tò àlọ àtàbọ̀, kó o tó ra iná tàbí aṣọ kankan, kó o sì kọ ọ́ sílẹ̀ ohun tó máa kan kálukú bí fíìmù náà bá pa owó, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Wákàtí mẹ́wàá ni kó parí, kí wọ́n lọ sùn. Ìwọ ní tìẹ má tíì sùn o, kọ́kọ́ kó gbogbo ohun tẹ́ ẹ yà lọ́jọ́ náà sí ibi méjì, kí ọ̀kan sì wà lọ́wọ́ ẹlòmíì nínú ilé tó yàtọ̀ sí tìẹ.